Omi Tí Ọ́dítọ̀ Kì Í Mu

Ẹ̀gbọ́n mi kì í mu omi nílé oníbàárà. Kí oòrùn mú ganrínganrín, kí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ táútáú, bí ẹ bá gbé omi fún un, á ní, "Ẹ ṣeun, mo ní tèmi," á sì ṣí fúláàsì kékeré tó máa ń wà nínú báàgì rẹ̀. Ọ́dítọ̀ ni. Òun ló máa ń lọ sí ilé-iṣẹ́ àwọn èèyàn lọ yẹ ìwé owó wọn wò. Bí ohun tí wọ́n kọ bá jẹ́ òótọ́, á fọwọ́ sí i, bí kò bá jẹ́ òótọ́, á dá a padà sí wọn lọ́wọ́. Ó ní bí òun bá mu omi ẹnì kan lónìí, oúnjẹ ló máa kàn lọ́la, tó bá sì di ọ̀tunla, ojú á ti máa ti òun láti sọ fún ẹni náà pé ìwé rẹ̀ ò pé. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Màá ní, "Bọ̀dá, omi náà ò ṣáà lè sọ̀rọ̀." Kì í rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ lèmi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mí, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni ọmọ náà sì dàgbà sí, nítorí pé ìyá rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Yẹ̀ẹ́wò ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí láti kékeré, ohunkóhun tí ẹ bá fún un, á kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé kó lè rí ìdí rẹ̀. Bí mo bá ní kó kó bọ́tìnnì sínú agolo, tí ọ̀kan bá ti sán, á mú un wá, á dúró tì mí, á máa wò mí bíi pé èmi ni mo gé e jẹ.

Ọmọ yìí ló wá kó sínú ìfẹ́. Lọ́dún náà, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo rán apá bùláòsì oníbàárà mi kan lódì, mo tú u, mo tún un rán, ó tún lódì.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Obìnrin kan wà tó ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga. Ìyá Alága là ń pè é, òun náà sì fẹ́ràn orúkọ náà gan-an. Òun ni oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi tó tóbi jù. Ká má parọ́, iṣẹ́ obìnrin yìí ni òpó tó gbé ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n mi ró. Bí ọdún bá ti parí, tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa fún ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi á lọ ka àga tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í gba iye tí wọ́n bá sọ fún un. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, orúnkún ń dùn ún, ó mú Yẹ̀ẹ́wò dání kó bá òun kà á, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Yẹ̀ẹ́wò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama nígbà náà.

Ọmọkùnrin Ìyá Alága ló ń bá a rìn láàárín àga. Ọmọ onílé-iṣẹ́ ni, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbẹ́ igi, eruku pákó kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ìyá rẹ̀ pàápàá ń pè é. Ó rí i pé ó ti rẹ ọmọbìnrin náà, ó fa àga kan jáde fún un kó máa fi sinmi. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ẹyọ kan dín nínú iye tí wọ́n kọ sínú ìwé. Yẹ̀ẹ́wò tún un kà. Ẹyọ kan ṣì dín. Òógùn bò ó, ó ń bẹ̀rù pé òun ti dójú ti bàbá òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó padà lọ jókòó, ó gbé orí lé ọwọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà wúkọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú o. Èyí tí ẹ jókòó lé yẹn ńkọ́?"

Ẹlòmíràn ì bá bú sẹ́rìn-ín. Yẹ̀ẹ́wò dìde, ó dojú àga náà dé, ó wo ìdí rẹ̀ fínnífínní, ó mi ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò bóyá ó dúró dáadáa, ó wá sọ pé, "Ó pé." Gbẹ́nàgbẹ́nà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ ni ọkàn òun ti lọ. Ó ní ìdí àga ni òun ti máa ń fi sùúrù ṣiṣẹ́ jù, kò sì tíì sẹ́ni tó wo ibẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n bá òun gé e kúrú, kí n ṣẹ́ ẹ létí. Mo gé àkọ́kọ́. Ó gbé òmíràn wá, ó tún gbé òmíràn. Lọ́jọ́ kan tó dé tó bá èmi nìkan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní òun gbàgbé ṣòkòtò sílé. Ṣòkòtò náà sì rèé lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ rẹ ló ń kúrú sí i ni? Bá a bá ń bá a lọ báyìí, ṣòkòtò péńpé nìkan ló máa kù ọ́ kù."

Ojú tì í. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni Yẹ̀ẹ́wò máa ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé?"

Mo mọ ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo wo bó ṣe di ṣòkòtò náà mú bí ẹni di ọmọ ọlọ́mọ mú, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sọ ìgbà tó máa ń dé fún un. Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn.

Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọkùnrin náà ò bá wá, Yẹ̀ẹ́wò á máa ká aṣọ tí mo ti ká. Bó bá wá, á máa bá a jà nítorí ohun tí kò tó nǹkan, pé kí ló dé tó fi ìṣó sí ibi tó yẹ kó fi àtè sí, ọmọkùnrin náà á sì máa dáhùn bíi pé adájọ́ ló wà níwájú òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó rẹ ohùn sílẹ̀. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì kí ẹ̀rọ má baà pariwo.

Ó ní, "Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Yẹ̀ẹ́wò ní, "Ṣé o mọ iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe nílé yín?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń kọ omi ìyá mi."

Mo rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Yẹ̀ẹ́wò ní tiẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òun náà ni mò ń sọ."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀kọ́ okòwò ni Yẹ̀ẹ́wò lọ kọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo wọn á jọ kọ́ ohun kan náà. Bí ọdún bá parí, wọ́n á kó tábìlì sínú gbọ̀ngàn ńlá: tábìlì akáǹtì, ti ìpolówó ọjà, ti báńkì, ti adójútòfò, ti àbójútó òṣìṣẹ́. Olùkọ́ kan á wà nídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pe ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, wàá dá rìn wọlé lójú gbogbo ayé, wàá lọ jókòó sídìí èyí tí o fẹ́ fi ṣe ayé rẹ. Ọjọ́ Tábìlì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń fún èèyàn láyè díẹ̀ lẹ́yìn ìwọlé láti dìde níbi kan lọ síbòmíràn. Bí àyè yẹn bá ti kọjá, ó parí.

Kò sẹ́ni tó bi Yẹ̀ẹ́wò léèrè ibi tó máa jókòó. Bàbá rẹ̀ ti ra tábìlì tuntun, ó ti gbé e kọjú sí tiẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó sì máa ń nù ún láràárọ̀. Àwọn tó wọlé á bi í pé, "Ta ló ni èyí?" Á ní, "Ó ń bọ̀."

Nígbà tí ọdún parí, wọ́n tún lọ ka àga. Lọ́tẹ̀ yìí, Yẹ̀ẹ́wò àti Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń fẹ́ra, bàbá rẹ̀ ò sì mọ̀. Ọmọkùnrin náà sọ fún mi pé Yẹ̀ẹ́wò kọ̀ láti wo ojú òun. Ó kọ̀ láti jókòó. Ó ka gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, ó padà kà á látẹ̀yìn bọ̀ síwájú, ó lọ sọ iye rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó sì jáde lọ síta lọ mí.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú Ọjọ́ Tábìlì, ó wá jókòó tì mí lórí àpótí tó ti ń jókòó láti kékeré. Ó ní, "Àǹtí, mi ò ní lọ sídìí akáǹtì."

Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. "Kí lo wí?"

"Bí mo bá di ọ́dítọ̀, tí mo bá bàbá mi ṣiṣẹ́, ìwé wọn ni màá máa yẹ̀ wò. Ọ́dítọ̀ ò sì gbọdọ̀ fẹ́ ẹni tó ń yẹ̀ wò. Bí mo bá kọ́ ìpolówó ọjà, ìyàwó lásán ni màá jẹ́ nílé wọn. Ọ̀nà á là."

"Ṣé o ti bi bàbá rẹ?"

"Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n ti mọ̀ nìyẹn."

"Ṣé o tiẹ̀ fẹ́ràn ìpolówó ọjà náà?"

"Ó dáa."

"Mi ò béèrè bóyá ó dáa. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ mọ̀ pé ó dáa. Ìwọ ni mò ń bi."

Ó mú aṣọ kan, ó ká a, ó tú u, ó tún un ká. Ó ní, "Àǹtí, kí ni kí n ṣe? Mi ò lè sùn. Bí mo bá ronú pé mi ò ní rí i mọ́, àyà mi á máa dùn mí. Bí mo bá rántí tábìlì tí bàbá mi ń nù, á tún máa dùn mí."

Mo kàn ń fọwọ́ pa á lórí, èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè é wọlé. Ó ní olùkọ́ akáǹtì ti rẹ́rìn-ín sí òun, ó ti fa àga sẹ́yìn fún òun. Òun kọjá lára rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà gùn lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, òun sì ń gbọ́ bàtà òun. Nígbà tí òun jókòó sídìí ìpolówó ọjà, olùkọ́ ibẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó rọra bi òun pé, "Ṣé kì í ṣe pé o ṣìnà?"

Ó dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Irú ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín kó má baà sunkún.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Kò kí mi. Ó ní, "Ọmọ rẹ lọ jókòó sídìí ìpolówó ọjà."

Bí ọmọ yẹn bá gbégbá orókè, ọmọ tiẹ̀ ni. Bó bá ti bàjẹ́, ó di ọmọ mi. Mi ò rójú sọ ọ́. Ó dúró sójú kan, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Kí ni mo fi ṣe é? Ṣé mo fipá mú un ni? Mo rò pé òun ló fẹ́ ẹ." Ohùn rẹ̀ ò le. Ì bá kúkú le.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Láàárọ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, tábìlì kejì kọjú sí i, kò tíì nù ún lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní, "Bọ̀dá, nítorí ọkùnrin kan ni."

"Ọkùnrin wo?"

"Ọmọ Ìyá Alága."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó kọ́kọ́ bá yín ka àga."

"Kó tó ka tọdún yìí?"

Mi ò mọ ìdí tó fi ń bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó rò pé bí òun ò bá ti ṣiṣẹ́ ọ́dítọ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Òun ló jẹ́ kó sá fún akáǹtì."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí. Ó ní, "Ta ló sọ fún un pé òun ni òfin ń wò? Èmi ni! Èmi ni mò ń fọwọ́ sí ìwé wọn. Kó kọ́ ìpolówó ọjà, kó kọ́ irun dídì, ọmọ mi ni. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń yẹ ìwé ilé yẹn wò, ọmọ mi ò lè jẹ́ ìyàwó wọn. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún un."

"A jẹ́ pé lásán ló fi jókòó síbẹ̀?"

"Lásán ni."

Mo ní, "Bọ̀dá, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

"Torí pé gbogbo wa la mọ òwe yẹn ni wọ́n ṣe ṣòfin." Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì yẹ fúláàsì wò bóyá omi wà nínú rẹ̀.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Mo ń lọ ka àga."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Iye tí Yẹ̀ẹ́wò mú wá ló fẹ́ fọwọ́ sí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìfẹ́ ti bá ọmọ òun ka àga.

Mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò lè fi pamọ́ fún Yẹ̀ẹ́wò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pé ibi tó jókòó sí ò tú okùn kankan, àti pé bàbá rẹ̀ ti lọ. Kò sunkún. Ó ní, "Wọ́n rò pé mo parọ́." Ó tún ní, "Àǹtí, bí mo bá ṣì í kà ńkọ́? Ká ní mi ò mọ̀ọ́mọ̀, ká ní ojú mi kàn fò ó, ṣé wọ́n á gbà?"

Ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà ní títì, àga kankan ò tíì jáde. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń sáré wá, ó ń sáré lọ. Ó dé àkọ́kọ́, ó ní, "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò gbà kí n ran àwọn lọ́wọ́." Ó tún dé, ó ní, "Ìyá mi gbé omi fún wọn, wọ́n ní àwọn ní tàwọn. Wọ́n ń tiro." Yẹ̀ẹ́wò bo ojú. Èmi ń wa pẹ́dàlì, kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Eruku ti sọ bàtà rẹ̀ di funfun. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Iye tí o sọ náà ni." Ó yí padà, ó ń tiro lọ sílé.

Mo rò pé inú Yẹ̀ẹ́wò á dùn. Ìgbà yẹn ló wá sunkún.

Wọ́n wọlé ẹ̀kọ́. Ó ń lọ kọ́ ìpolówó ọjà torí pé ibẹ̀ ló jókòó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tó fi jókòó síbẹ̀ ti kú. Mo ń wò ó bó ṣe ń rù. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wọn pín ọṣẹ tuntun kan fún wọn, ó ní kí olúkúlùkù wá ọ̀rọ̀ tó máa mú kí èèyàn fẹ́ rà á. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tó dùn létí, inú wọn ń dùn sí i. Yẹ̀ẹ́wò mú tiẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi fọ àkísà, ó sá a, ó tún fọ òmíràn. Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀, ó ní, "Ó ń fọ ìdọ̀tí, kì í fọ epo." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ náà dá a dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ wa kì í ṣe irọ́, o sì lè kọ́ ọ, orí rẹ pé. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń rò bí ọṣẹ yìí ṣe máa dé ọwọ́ èèyàn. Ìwọ ń rò ó bóyá òótọ́ ni. Àyè ṣì wà láti dìde o. Kò ní pẹ́ parí."

Nígbà tí Gbẹ́nàgbẹ́nà dé pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́sàn-án yẹn, Yẹ̀ẹ́wò ò jẹ́ kó jókòó. Ó ní, "Mò ń padà sídìí akáǹtì."

Ọmọkùnrin náà ní, "Àmọ́ bàbá rẹ ti sọ pé kò sí ọ̀nà, yálà o kọ́ ọ tàbí o ò kọ́ ọ."

"Torí ẹ̀ ni. Mo sá fún ohun tí mo fẹ́ràn nítorí rẹ, kò sì gbà wá. Mo rò pé bàbá mi ló fẹ́ akáǹtì. Èmi ni. Èmi ni mo fẹ́ ẹ láti ìgbà agolo bọ́tìnnì. Bí mo bá máa sọ ọ́ nù, kí n má sọ ara mi nù mọ́ ọ."

Mo ń retí kó bínú. Ọkùnrin mìíràn ì bá bínú. Ó dúró, ó ń yí ṣòkòtò náà lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹni tó dojú àga dé ni mo rí tí mo fẹ́ràn. Báwo ni mo ṣe máa wá ní kó má yẹ̀ ẹ́ wò mọ́?" Ó jáde. Ó gbàgbé ṣòkòtò náà lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Yẹ̀ẹ́wò sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti padà sí akáǹtì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa." Kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn mú aṣọ, ó lọ nu tábìlì kejì.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnì kankan ò dárúkọ Gbẹ́nàgbẹ́nà. Kò wá mọ́. Mo gbé ṣòkòtò rẹ̀ kọ́ sára ògiri, Yẹ̀ẹ́wò sì máa ń kọ ẹ̀yìn sí ògiri náà bó bá ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi náà yí padà. Ó ń jáde láì sọ ibi tó ń lọ. Mo bi í léèrè, ó ní iṣẹ́ ni. Mo ní nínú ara mi pé ẹ̀rù ìtìjú ló ń lé e kiri, pé bóyá wọ́n ti gbọ́ níta pé ọmọ ọ́dítọ̀ ń fẹ́ ọmọ oníbàárà, tí wọ́n sì fẹ́ ba orúkọ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe jẹ́.

Àfi bó ṣe ní láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan pé, "Ẹ múra, ẹ̀yin méjèèjì. Ìyá Alága ní ká wá sílé òun."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ."

Yẹ̀ẹ́wò wò mí. Àwa méjèèjì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kí nǹkan fì sókè fì sílẹ̀. Ó fẹ́ lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn lójú gbogbo wa pé kò ṣeé ṣe, kó lè parí síbẹ̀. Ọmọ náà wọ aṣọ tí kò bá a mu. Èmi aránṣọ rí i, mi ò sì ní agbára láti sọ fún un.

A ti fẹ́ dé òpin àdúgbò kí n tó rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ò gbé nǹkan kan dání. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ gbàgbé báàgì yín."

Ó ní, "Mi ò gbàgbé."

Mo ní lọ́kàn mi pé a ò ní pẹ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Yàrá àlejò Ìyá Alága mọ́ tónítóní. Àga tí ọmọ rẹ̀ ṣe ló kún ibẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó dìde, kò wo Yẹ̀ẹ́wò, Yẹ̀ẹ́wò náà ò wò ó. A jókòó. A kí ara wa. A sọ pé ojú ọjọ́ dáa. Mo ń gbọ́ aago tó wà lára ògiri.

Ìyá Alága dìde, ó wọlé, ó gbé àwo ìgbómi jáde, ife omi kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó padà lọ jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan. Kò sọ pé kó mu ún. Ó kàn ń wò ó.

Mo ní hùn-ún, ẹ̀tẹ́ ti dé. Kò mú fúláàsì wá. Kí ló máa wá sọ?

Ẹ̀gbọ́n mi wo omi náà fún ìgbà díẹ̀. Ó nawọ́, ó gbé ife náà, ó mu ún. Kò fi ẹnu kàn án lásán. Ó gbé orí sókè, ó mu ún tán.

Yẹ̀ẹ́wò ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Omijé ti ń ṣàn lórí ìka rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé èmi tí mo ń pe ara mi lágbà.

Ìyá Alága tú èémí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ti fi ìwé wa lé ọ́dítọ̀ mìíràn lọ́wọ́, pé ẹ ò bá wa ṣiṣẹ́ mọ́. Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní àfi bí mo bá fojú ara mi rí i kí omi gba ọ̀fun yín."

Mo gbá àyà. "Bọ̀dá! Oníbàárà yín tó tóbi jù!"

"Màá wá òmíràn," ó dá mi lóhùn. Kò wo ojú mi, ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Mo lọ tún àga yẹn kà nítorí pé mo fura sí ọ. O fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí, o sì ka ẹrù ìyá rẹ̀ láì fi ẹyọ kan kún un, láì yọ ẹyọ kan kúrò. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ì bá lè ṣe é. Tábìlì ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ibi kan ṣoṣo ni o ò ní lè yẹ̀ wò láéláé, ibí yìí ni. Ṣé o gbà?"

Yẹ̀ẹ́wò ń mi orí ṣáá pé òun gbà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ò tíì kúrò lára ògiri. Bóyá ó rò pé bí òun bá mira, nǹkan á bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i, ó na ife òfìfo náà sí i.

Ó ní, "Ọmọ mi, bu òmíràn wá. Òùngbẹ ti ń gbẹ mí nílé yìí láti ọjọ́ pípẹ́."